Àtàndá àti Aṣọ Ojú Ọ̀run

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní omi lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó fẹ́ kun ojú ọ̀run, tí ojú ọ̀run sì fi ojú rẹ̀ rí màbo, ní ìlú Ákrà, ní ọdún tí Gánà fẹ́ gba òmìnira. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Mo ṣèlérí pé n kò ní fi kún un ju iyọ̀ díẹ̀ lọ.

Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ ló jí Àtàndá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kọ́kọ́ rò pé adìẹ kan ló yé ẹyin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wá ń tẹ̀lé òórùn náà bí ajá ọdẹ, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sí àgbàlá, títí tó fi dúró níwájú aṣọ ńlá tó kàn mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni imú rẹ̀ ti bá ojú rẹ̀ pàdé.

Aṣọ tó kùn ní búlúù lánàá ti di eérú. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló lọ o. Búlúù ṣì kù níbì kan níbì kan, bí ara ẹni tí làpálàpá ń jẹ. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tó fi gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ṣe ti ṣá, ó sì ń rùn.

"Ta ló ṣe mí báyìí?" Àtàndá pariwo. "Mo ní ta ló wọ àgbàlá yìí lóru?"

Làtífátù ìyàwó rẹ̀ jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Ó wo aṣọ, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tutọ́ pákò sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bóyá kò tíì gbẹ tán ni, Bàbá Ràfíátù. Bó bá gbẹ tán, á tún lè padà."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ìwọ ní ó ń pọ́n."

Làtífátù ti pákò rẹ̀ bọ ẹnu padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́, kí ẹ má baà máa rò pé wèrè ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Àtàndá ti wá, ṣùgbọ́n àdúgbò Lagos Town ní Ákrà ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì gbé kọ́ iṣẹ́ pẹ́ńtà. Pátákó ìsọ̀ ló máa ń kọ. Bí bábà bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ń gẹrun, Àtàndá ni. Bí télọ̀ bá kó wá sí àdúgbò, Àtàndá ni. Lẹ́tà rẹ̀ a dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá tí ọ̀gá ń bọ̀ wá wò. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe èyí, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó kun nǹkan mìíràn fún òun, àfi ìgbà tí Mùkáílà dé.

Mùkáílà yìí, ọmọ Ọ̀fà, onífọ́tò ni ní àdúgbò Adabraka. Òun ló gbé aṣọ funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá, ó ní kí Àtàndá kun ojú ọ̀run sí i. Ẹ̀yìn àwọn tó bá wá ya fọ́tò ló fẹ́ ta á sí. "Gbogbo Ákrà ló fẹ́ ya fọ́tò òmìnira," ó ní. "Ó sú mi kí wọ́n máa dúró níwájú ògiri bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ dà bí ẹni tó jókòó lórí òkè." Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún un. Ìrun alaasari ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí ni ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Bí aṣọ kò bá dé títí wọ́n bá fi kírun tán, lẹ́tà kan wà nílẹ̀ tí awakọ̀ yóò gbé lọ fún pẹ́ńtà mìíràn ní ìlú Sekondi.

Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, kò burú. Ṣùgbọ́n Àtàndá ti fi ẹnu ara rẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́ igun. Àlàní, ẹ̀gbọ́n Làtífátù, ń ta àwo onítánganran ní Sabon Zongo. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń sọ pé àga kan ṣófo nínú ìsọ̀ òun, kí àna òun wá jókòó sí i, kó yé dúró lójú oòrùn máa kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn sára igi. Níwájú àwọn àgbà ilé ni Àtàndá ti búra: "Bí ojú ọ̀run yìí kò bá ṣeé ṣe fún mi, mo fọ búrọ́ọ̀ṣì mi nìyẹn. Kí Àlàní máa retí mi." Kò sí ẹ̀gàn nínú àwo títa. Ṣùgbọ́n ó ti bá Àlàní jókòó lọ́jọ́ kan rí, gbogbo ohun tó sì ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ ni pé ó ń wo òdòdó pupa tó wà nídìí àwo. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ ẹni tó kùn ún ti gbọ̀n. Ó délé, kò lè jẹun.

Ohun tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ Jímọ̀ nìyẹn, tí òórùn ẹyin fi gba àgbàlá kan.

Àgbékẹ́ alágbàfọ̀, àgbà obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ló jáde wá bá wọn. Aṣọ àwọn lọ́yà àti àwọn akọ̀wé ìjọba ló ń fọ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bí èso ọ̀pẹ tó gbẹ. Ó na imú sí aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àtàndá, kí lo fi po búlúù yìí?"

"Ẹ̀kọ ni mo fi pò ó, Ìyá, kó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ. Sítáàṣì tán, mo wá bu omi lọ́dọ̀ oníkọ̀mí."

"Omi orí àgbàdo tó fi ń ṣe ẹ̀kọ kọ̀mí tó ń tà?"

"Òun ni. Mo gbé e kaná."

"Ó kan?"

"Ó kan díẹ̀."

"Ẹ gbà mí o!" Àgbékẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan. "Gbogbo irun àgbọ̀n yìí, o kò mọ̀ pé búlúù ìfọṣọ àti omi kíkan kì í gbé ilé kan náà? Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá kán sínú omi búlúù mi báyìí, kíá, ó ti di omi tí wọ́n fi fọ àwo. A sì máa rùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá mi sá aṣọ mọ èyí. Kí ló dé tí o kò bèèrè?"

"Ta ni n bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi! Àbí nítorí pé ìdọ̀tí aṣọ ni mò ń rí lójoojúmọ́?"

Ó wọlé lọ bó ti ń bú u, ó sì jáde bó ti ń bú u, pẹ̀lú hóró búlúù mẹ́fà tó dì sínú àkísà. "Gbà. Èyí tó kù mí fún ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn. Bí kọ́là ẹ̀wù lọ́yà bá pọ́n lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé ní kóòtù."

Àtàndá dúpẹ́. Ó fi ẹfun tó nípọn bo aṣọ náà látòkè délẹ̀, ó fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ po búlúù tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oṣù Èrèlé ni, ọyẹ́ ṣì ń jà bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là. Ohun kan ṣoṣo tí ọyẹ́ dára fún ni pé bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kúrò níbì kan, ibẹ̀ ti gbẹ.

Ó gbójú sókè láti wo ohun tó ń kùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó rí. Funfun ni òkè, funfun bí ẹ̀yìn ojú ẹni tó fẹ́ dákú. Oòrùn wà níbẹ̀ bí owó ẹyọ tó bọ́ sínú ẹ̀kọ. Láti bí oṣù méjì ni eruku aṣálẹ̀ ti gba ibẹ̀ tí kò sí ẹni tó rí ojú ọ̀run sójú mọ́. Ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn ya àwòrán ẹni tó ti rìnrìn àjò, tí wọ́n sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó rántí ni pé búlúù ni. Búlúù náà ló sì ń kùn. Ó kùn ún lókè, ó kùn ún láàárín, ó kùn ún nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó mọ́ roro, kò sí ojú àpá búrọ́ọ̀ṣì kankan. Ọwọ́ ẹni tó fi ọdún méjìdínlógún kun ìdí pátákó ni.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ́ kàn wọ́n látàrí, agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́nu géètì. Mùkáílà ló wọlé, ó fi áńkáṣífù bo imú nítorí eruku. Èèyàn gbọ̀gbọ̀rọ̀ ni, ó ga ju Àtàndá lọ lójọ́ orí àti ní ìdúró.

"Mo ní bí mo ti ń lọ kírun Jímọ̀ yìí, kí n yà wò ó."

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó."

Mùkáílà wò ó. Ó súnmọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn. Ó yọ áńkáṣífù kúrò nímú, ó fi nu ojú.

"Yàrá ìdáná ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Rárá, mò ń bèèrè ni. Mo mọ àwọ̀ yìí. Ọsibítù ni mo ti rí i, àbí bárékè ọlọ́pàá. Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ kí n wò yín."

Àgbékẹ́ fi ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú aṣọ náà, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ní tòótọ́.

"Ṣé mo rẹwà?"

"Ẹ rẹwà, Ìyá. Ẹ rẹwà bí ẹni tó ń dúró de dókítà." Ó kọjú sí Àtàndá. "Ṣé o rí i? Ògiri ló wà lẹ́yìn wọn."

"Búlúù ni mo kùn. Ojú ọ̀run, búlúù ni!" Ohùn Àtàndá ti ń lọ sókè, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun pariwo mọ́ ẹni tó jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ti ya. "Ẹ̀yin náà ẹ wòkè! Ẹ fi ojú ọ̀run hàn mí kí n fi wé e! Ibo ló wà? Ẹ ní kí n kun ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti pa mọ́!"

Mùkáílà kò bínú. Ìyẹn ló sì dun Àtàndá jù. Onífọ́tò náà kàn na ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn, ó fi ìka kan kan aṣọ.

"Ojú ọ̀run jìnnà, àbúrò. Tìrẹ yìí, mo nawọ́, mo kàn án. Ẹjọ́ àwọ̀ kọ́ ni mò ń bá ẹ rò." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ó di alaasari. Mi ò fẹ́ fi lẹ́tà yẹn rán awakọ̀, ṣùgbọ́n òmìnira kò ní dúró dè wá."

Nígbà tó lọ tán, Àtàndá wo aṣọ náà títí. Ó ń wá ibi tí yóò ti bá onífọ́tò náà jiyàn, kò rí. Ògiri ni. Ògiri tó mọ́, ògiri tó dára, ògiri tí èèyàn lè kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí.

Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó wọlé, ó gbé èédú àtùpà tó ti ń kó jọ láti ọdún kan, èyí tó fi ń kun ìdí pátákó dúdú. Ó da sítáàṣì sí i, ó rò ó, ó ki búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ jù bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na aṣọ náà. Kì í ṣe kíkùn mọ́. Nínà ni. Làtífátù sá jáde.

"Bàbá Ràfíátù! Kí lẹ ń ṣe?"

"Pátákó ni mò ń ṣe. Bí mo bá ń lọ jókòó ti Àlàní, ó yẹ kí ìsọ̀ ní orúkọ. Lẹ́tà funfun lórí dúdú: ÀLÀNÍ, ONÍÀWO. Kí aráyé lè rí i láti òkèèrè."

"Ṣé kí n wá lọ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀?"

"Lọ sọ fún un."

Obìnrin yìí ló ti ń bẹ̀ ẹ́ láti oṣù mẹ́ta. Òun ló ń sọ pé pẹ́ńtà kì í lówó ìpamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tó ti ń fẹ́ gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ wé gèlè, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí gèlè kan ti yẹ kó pẹ́ lọ.

Àtàndá kun aṣọ náà dúdú tán, ó jókòó sórí ìpìlẹ̀ ilé, orí rẹ̀ sàárín eékún. Ọyẹ́ mú aṣọ náà gbẹ fún un kó tó mí tán.

Àgbékẹ́ kò dá sí wọn mọ́. Ó ti gbé àgbá aṣọ rẹ̀ kaná, ó sì ti igi tútù bọ abẹ́ rẹ̀, nítorí igi gbígbẹ ti gbówó lórí. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ó ń gba iwájú aṣọ dúdú náà kọjá lọ sókè.

Àtàndá gbórí sókè nítorí pé èéfín ń ta á lójú. Ó fẹ́ bú obìnrin náà. Kò bú u.

Èéfín náà, níbi tó ti ń gba iwájú aṣọ dúdú kọjá, àwọ̀ aró ló ní. Kì í ṣe eérú, kì í ṣe funfun. Aró, aró fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí aláró bá ki aṣọ bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan tó sì yọ ọ́ kíá.

"Ìyá, kí lẹ fi sínú iná yẹn?"

"Igi. Kí ni wọ́n ń fi sínú iná nílé tiyín?"

"Ṣé búlúù kò bọ́ sí i?"

"Búlúù wo? Èyí tí o fi kun ọsibítù?"

Ó dìde. Ó tẹ̀lé èéfín náà lójú. Ibi tó ti yọ kọjá orí ògiri, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti dúdú mọ́, tó wá gba iwájú oòrùn kọjá, aró náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Èéfín kan náà, láti abẹ́ àgbá kan náà, ti di pupa rúsúrúsú bí omi tí wọ́n fi ṣan epo. Oòrùn tó sì ń wò wọ́n láti inú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ó padà wo ìsàlẹ̀: aró. Ó wòkè: pupa. Ó sáré lọ sí apá kejì àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nà ró, ó fi ọwọ́ bo ojú kan.

"Ó ti mú un," Àgbékẹ́ wí fún ara rẹ̀. "Òmìnira ti mú ọmọ yìí lórí paa."

Àtàndá kò gbọ́. Nǹkan kan ń rìn bọ̀ nínú rẹ̀, ó ń rọra rìn, bí àlejò tó ń wá ojúlé. Kò sí ẹni tó pa èéfín láró. Oòrùn tó wọ inú èéfín lọ ní funfun, pupa ló jáde lódìkejì. Àdánù wo ló ṣe é lójú ọ̀nà? Bí alábàárù bá gba àárín ọjà tó kún kọjá, ẹrù tó fúyẹ́ jù ló kọ́kọ́ ń já bọ́ lórí rẹ̀, èyí tó wúwo ni í bá a délé. Ohun tó já bọ́ lára oòrùn, tó fọ́n káàkiri inú èéfín, òun náà ni èéfín wọ̀ sára tó fi ń ṣe aró yìí. Bí dúdú bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, a rí i. Bí mímọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí i.

Ó wo aṣọ dúdú tó kàn mọ́ ògiri. Ó wo ìgò ẹfun.

Ó bu ẹfun díẹ̀, ó da omi sí i, ó tún da omi sí i, títí tó fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ago wàrà. Búlúù kankan kò kù lágbàlá, kò sì wá a. Ó rọra fi omi ẹfun náà pa aṣọ dúdú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rí nǹkan. Dúdú ni, dúdú tó tutù. Ó dúró. Ojú ń tì í níwájú ara rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé Àgbékẹ́ ń fọ kọ́là.

Ọyẹ́ fẹ́ sí i.

Bí ó ti ń gbẹ ló ń jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òkè, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń la ojú lẹ́yìn oorun ọ̀sán. Aró ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú àkísà Àgbékẹ́. Èyí kò dúró sójú aṣọ. Inú ló wà.

Kò fọwọ́ kan òkè mọ́. Ó fi ẹfun kejì pa á láti àárín lọ sísàlẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó fi ẹ̀kẹta pa ìdajì ìsàlẹ̀. Ó fi ẹ̀kẹrin pa etí ìsàlẹ̀ pátápátá, títí tí ibẹ̀ fi funfun bí ibi tí ọ̀run ti ń kan òkun ní etíkun Ákrà. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ti wò ó láti kékeré. Òkè kì í bá ìsàlẹ̀ dọ́gba. Báwo lòun ṣe wá fi ojú méjèèjì wo nǹkan fún ogójì ọdún, tó wá jẹ́ pé orúkọ àwọ̀ rẹ̀ nìkan lòun mọ̀?

"Ó jìn."

Làtífátù ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti gèlè lórí. Kò tíì lọ ibì kankan.

"Mo ní kí o lọ sọ fún Àlàní."

"Mo gbọ́." Ó ṣì ń wo aṣọ náà. "Kí ni n máa sọ fún un?"

Làtífátù tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó ṣe é ní òṣùká, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí. "Ẹ jẹ́ ká ká aṣọ yìí sórí ọparun," ó ní. "Alaasari kù díẹ̀."

Bí wọ́n ti ká a nìyẹn, tí Àtàndá fi gbé ojú ọ̀run rù láti Lagos Town dé Adabraka, láàárín àwọn ọkọ̀ àti àwọn oníkọ̀mí, eruku ń bo ojú rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ẹrù náà bí aboyún ti ń ṣọ́ ikùn rẹ̀. Ọmọlanke kan fẹ́ kọ lù ú. Ó bú onítọ̀hún ní èdè mẹ́ta.

Mùkáílà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe àlùwàlá tán ni. Lẹ́tà Sekondi wà lórí tábìlì, wọ́n fi kámẹ́rà kékeré kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àtàndá kò kí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó gun àpótí, ó ta aṣọ náà sí ẹ̀yìn àga, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣí òrùlé sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀. Ó fà sẹ́yìn.

Onífọ́tò wá sí ọ̀tún, ó lọ sí òsì. Ó yọ bàtà, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí.

"Ibo lo ti rí irú búlúù yìí rà?"

"Kò sí búlúù níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Má parọ́ fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni."

"Ẹfun ni, lórí èédú. Dúdú ló wà lẹ́yìn. Ohun tí ẹ rí yẹn, ẹ̀yin àti ìmọ́lẹ̀ lẹ jọ ṣe é."

Mùkáílà wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, nítorí pé oníṣòwò ni, ó ní: "Ó dára. Ó dára gan-an. Bí a bá wá fi bàálù kan sí àárín rẹ̀ báyìí ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn bàálù."

"Rárá."

"Kékeré."

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú." Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kọ̀ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Ó ki ọwọ́ sápò.

Mùkáílà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, ó wọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà náà lẹ́yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ láti ya fọ́tò lé Àtàndá lọ́wọ́. Ó mú lẹ́tà orí tábìlì, ó ṣe é ní abẹ̀bẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga níwájú ojú ọ̀run.

"Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ya àwọn èèyàn," ó ní. "Kò sí fọ́tò tèmi kankan nínú ilé mi. Wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, kí o wò mí. Bí mo bá dúró dáadáa, kí o jáde, kí n kó gíláàsì tó ń gba àwòrán sí i, kí n padà jókòó, kí o wá tẹ rọ́bà náà."

Àtàndá bẹ̀rẹ̀, ó wọ abẹ́ aṣọ dúdú kámẹ́rà.

Òkùnkùn biribiri. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Níwájú rẹ̀, lórí gíláàsì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, Mùkáílà so rọ̀ ní ìdorí kodò, bí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ti máa ń fi èèyàn hàn, ojú ọ̀run sì wà nísàlẹ̀ orí rẹ̀, ó tẹ́ lọ bí omi. Ó kéré, ó mọ́lẹ̀, ó jìnnà. Ó jìnnà débi pé Àtàndá rò pé bí òkúta bá bọ́ sí i, òun kò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Ó fẹ́ rí i dáadáa sí i, ó wá di etí aṣọ náà mú, kí ìmọ́lẹ̀ má baà yọ́ wọlé bá òun. Bó ti ń dì í ni gíláàsì náà ń mọ́ sí i.

Ó dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ló ti ń bú ojú ọ̀run pé ó sá lọ. Ó wá mọ̀ báyìí pé kò sá. Eruku ọyẹ́ tó nípọn ló kàn dúró ságbedeméjì, gbogbo àwọ̀ sì ń já bọ́ sínú rẹ̀ pọ̀. Ohun tó jìn tó sì dúdú bí èédú ẹ̀yìn ẹfun yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò lọ síbì kankan, ó ń dúró de kí ohun tó wà níwájú òun fẹ́lẹ́.

"Àtàndá," Mùkáílà ké láti orí àga, "ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?"

"Ẹ má tíì mira, Ẹ̀gbọ́n," ó ní láti inú òkùnkùn. "Mò ń wò yín."

Bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Wòsílátù ọmọ Àgbékẹ́ ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́, lábẹ́ igi odán ẹnu ọ̀nà wa, lọ́dún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa ní Gánà, tí wọ́n sì kó ẹrù dé. Òun gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì búra pé òun wà lágbàlá náà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.